Ìṣẹ́jú Mélòó Ni Dókítà Ń Lò Nídìí Kọ̀ǹpútà? Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìkòròdú

Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ yìí bá wọlé. Ilé-iṣẹ́ tó ta sọ́fítíwíà tí ilé ìwòsàn wa fi ń tọ́jú fáìlì aláìsàn a máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù: iye aláìsàn tó wọlé, iye fáìlì tuntun tí a ṣí, iye òògùn tí a kọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìlà kan kún un tí ẹnikẹ́ni ò béèrè: ìṣẹ́jú tí dókítà kọ̀ọ̀kan ń lò nínú fáìlì aláìsàn kan. Dókítà obìnrin kan, ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn, ló wà lókè pátápátá. Tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ tí ìwé náà dé, gbogbo ilé ìwòsàn ti gbà pé òun ló ń fa èrò tó máa ń jókòó títí dé ẹ̀bá géètì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn tó ń gbowó nídìí káúńtà ti sọ ọ́ ní "Dókítà Jẹ́jẹ́".

Èmi ni mò ń mójú tó ẹ̀ka àkọsílẹ̀ aláìsàn, ibi tí àwọn ará ilé ìwòsàn ń pè ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Dókítà Àgbà tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ pè mí, ó na ìwé náà sí mi, ó ní kí n bá òun tọ pinpin rẹ̀ kí òun tó bá ọmọ náà sọ ohunkóhun. Ó ṣe dáadáa. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Kọ̀ǹpútà nìkan ló sì tíì rojọ́ nígbà yẹn.

Ilé ìwòsàn aládàáni ni, kò jìnnà sí Sábó. Àwọn tó ń wá ibẹ̀ ń ti Agric wá, wọ́n ń ti Ìgbógbó, wọ́n ń ti Èbúté, títí dé àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà Ṣágámù. Dókítà mẹ́ta ló máa ń jókòó lójúmọ́, yàrá méjì ló wà fún wọn, kọ̀ǹpútà méjì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń pín lò. (Ẹ fi èyí sọ́kàn.) Káàdì páálí là ń lò tẹ́lẹ̀. A fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ń sọnù, eku ń jẹ ẹ́, àwọn HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn san owó ìtọ́jú ìlera, sì ti ń fẹ́ kí gbogbo ìwé gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó sanwó.

Ibi tí ìwọ̀n yìí ti wá

Kì í ṣe Ìkòròdú ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé aago lé dókítà tó ń lo kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2009, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní HITECH, wọ́n ya owó ńlá sọ́tọ̀ fún dókítà àti ilé ìwòsàn tó bá kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Èrò bá ya síbẹ̀. Kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé àwọn ò ráyè wojú aláìsàn mọ́. Àwọn olùwádìí wá fẹ́ mọ̀ bóyá ariwo lásán ni.

Christine Sinsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rán ènìyàn lọ jókòó ti dókítà 57, kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ohun tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 nínú ìwé ìròyìn Annals of Internal Medicine ni pé ìdá 27 péré nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ ló lọ sọ́dọ̀ aláìsàn gan-an, nígbà tí ìdá 49 lọ sídìí kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ orí tábìlì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Brian Arndt àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Wisconsin gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò rán ẹnikẹ́ni lọ jókòó tì í. Àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbàkigbà tí ọwọ́ bá kàn án ni wọ́n tú wò, ti dókítà ìdílé 142. Wọ́n rí i pé ó tó wákàtí 5.9 tí dókítà fi ń wà nínú fáìlì nínú ọjọ́ iṣẹ́ tó gùn tó wákàtí 11.4, wákàtí kan àti díẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ tán. Nígbà tó fi máa di 2020, àwọn olùwádìí mìíràn ti ń tú ti dókítà bí 155,000 papọ̀. Nínú ìyẹn, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ ló ń lọ sórí aláìsàn kan. Èyí tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kíkọ kọ́ ló gba àkókò jù. Wíwo ohun tó ti wà nínú fáìlì tẹ́lẹ̀ ló gba ìdá kan nínú mẹ́ta.

Ọ̀nà méjì náà nìyẹn, ojú ènìyàn àti àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Ojú ènìyàn gbówó lórí, ẹni tó bá sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun á tún ìrìn mú. Àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà ò náni ní nǹkan kan, kì í sùn, kì í gbàgbé, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó jókòó sórí àga. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa, ti kọ̀ǹpútà nìkan ni.

"Kí ló ń dá aago yín dúró?"

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bi ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà náà nìyẹn, lórí fóònù. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá ti ṣí fáìlì báyìí, ó ti ń kà nìyẹn. Tí wọ́n bá pa á dé, ó dúró."

"Tí wọn ò bá pa á dé ńkọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Á ṣì máa kà ni, sà."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwádìí náà mọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ti dókítà rí mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pa fáìlì dé. Wọ́n á ṣí ọ̀kan, wọ́n á ṣí òmíràn lé e, wọ́n á lọ jẹun. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun pàápàá ò fẹnu kò lórí ìbéèrè yìí. Epic, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, a máa dáwọ́ kíkà dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 5 bá ti kọjá tí ọwọ́ ò kan máòsì tàbí kíbọ́ọ̀dù. Ìyẹn náà ní àléébù tirẹ̀: dókítà tó fara balẹ̀ ń ka èsì àyẹ̀wò gígùn láìmira, kọ̀ǹpútà á ní kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé dókítà tòun ń lo ìṣẹ́jú báyìí báyìí, ti ẹlòmíràn ń lo ìlàjì rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń dá aago ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn dúró.

Ó kù kí a fi ojú ara wa wò ó. Èmi àti Mátírọ̀n pín yàrá méjèèjì, pẹ̀lú bébà àti aago inú fóònù. A máa ń gba àṣẹ lẹ́nu aláìsàn kí a tó jókòó, ẹni tó bá sì kọ̀, a máa ń jáde.

Àwọn dókítà ò kọ́kọ́ fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bi mí ní gbangba pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe owó wa lẹ fẹ́ fi gé?" Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Mo padà lọ bá Dókítà Àgbà, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i pé ìṣẹ́jú wọ̀nyí ò ní kan owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ sí i. Láìsí ìwé yẹn, òfo ni gbogbo ohun tí à bá wọ̀n, torí ẹni tó bá mọ̀ pé aago lè gé owó òun, ńṣe lá máa pa fáìlì dé kíákíá, á sì máa kọ ìyókù sórí bébà.

A tún yọ ọjọ́ Orò kúrò. Ẹni tó bá mọ Ìkòròdú mọ ìdí rẹ̀. Bí Orò bá ń jáde lọ́sàn-án, obìnrin kì í jáde, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà obìnrin àti nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ kàn á ti wá sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, aláìsàn kan lè gba wákàtí kan lọ́wọ́ dókítà láìjẹ́ pé àìsàn rẹ̀ le. Kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Alhaja láti Ìgbógbó

N óò sọ ti aláìsàn kan tán pátá, kí ẹ lè rí bí ìṣẹ́jú ṣe ń di púpọ̀. Ìyá àgbàlagbà ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, HMO ọmọ rẹ̀ ló ń sanwó fún un.

Aago 10:04 ni nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì rẹ̀ láti kọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ru sí àti ìwọ̀n ara rẹ̀. Orúkọ dókítà obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yìí ni kọ̀ǹpútà fi ṣí i, torí òun ni orúkọ rẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ láti àárọ̀. Alhaja padà lọ jókòó. Aago 10:19 ló wọlé. Ìṣẹ́jú 15 ti wà lọ́rùn dókítà tí ò tíì fojú kan aláìsàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó ṣì ń wú, ọmọ mi. Lálẹ́ ló máa ń ṣe mí jù."

Dókítà dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ ìyá náà, ó wò ó bóyá ojú ibẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ó tẹ òkè rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ kejì. Ó bi í léèrè iyọ̀, ó bi í léèrè oògùn tó ń lò, Alhaja tú báàgì, ó kó páálí oògùn sórí tábìlì, méjì nínú wọn kì í ṣe èyí tí a kọ fún un. Wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àsìkò yìí, fáìlì wà ní ṣíṣí, kọ̀ǹpútà ń kà.

Lẹ́yìn náà ló jókòó tì í. Ó fẹ́ wo èsì àyẹ̀wò kíndìnrín tí ìyá náà ṣe kẹ́yìn. Fọ́tò bébà ni wọ́n fi sínú fáìlì, kò sí orúkọ lára rẹ̀, kò sí ọjọ́. Ó ṣí ọ̀kan, èsì ibà ni. Ó ṣí òmíràn, àwòrán káàdì HMO ni. Iná lọ. Kọ̀ǹpútà ò kú, bátìrì UPS gbé e dúró, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kú títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀, àmì róbótó kan sì ń yí lójú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ka ìyẹn náà. Ó rí èsì náà níkẹyìn, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kọ oògùn. Ó wá lọ sójú-ewé HMO, ó tún àìsàn kan náà kọ níbẹ̀ kó tó lè gba kóòdù tí wọ́n á fi gbà á láyè láti ṣe àyẹ̀wò.

Alhaja jáde ní 10:51. Dókítà fi fáìlì rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó ń retí kóòdù náà, ó sì pe ẹlòmíràn wọlé. 11:20 ló pa á dé.

Kọ̀ǹpútà ní ìṣẹ́jú 76. Lórí bébà tèmi, ìṣẹ́jú 13 ni ọwọ́ rẹ̀ fi wà lára ẹ̀rọ: 4 ló fi kọ̀wé, 6 ló fi wá èsì, 3 lọ sórí ojú-ewé HMO. Ìròyìn àwọn onísọ́fítíwíà ò sì lè ya àwọn ìṣẹ́jú 3 yẹn sọ́tọ̀, torí orí ẹ̀rọ tiwọn kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ?

Kì í ṣe Alhaja nìkan. A gbé bébà wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà, ohun tó jáde kọ́kọ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà ní dókítà yìí wà nínú yàrá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní ó tọ́jú aláìsàn lọ́jọ́ tí gbogbo wa mọ̀ pé ó gba àyè lọ síbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí fọ́tò òun àti aṣọ ẹbí wà lórí WhatsApp.

Òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, òun ló sì ń ṣí ẹ̀rọ méjèèjì. Àwọn nọ́ọ̀sì ní orúkọ ìwọlé tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti gbàgbé password. Mátírọ̀n ò fi bò: "Ti ọmọ yẹn ló rọrùn láti rántí." Bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Bí dókítà ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá sì fẹ́ yára wo nǹkan, orí orúkọ rẹ̀ náà ló ń jókòó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun la máa ń darí àwọn àgbàlagbà alátọ̀gbẹ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru sí, torí ó ní sùúrù, fáìlì irú wọn sì nípọn. Ẹni tó ń tọ́jú ikọ́ àti ibà ò lè bá a dọ́gba ní ìṣẹ́jú, kò sì yẹ kó bá a dọ́gba.

Ohun kejì ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Àwọn wákàtí tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà ò bá ti bébà wa mu. Ó máa ń fi wákàtí kan gẹ́lẹ́ sẹ́yìn. A wádìí, a rí i pé aago GMT ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó fáìlì wa sí ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a máa ń ṣíwọ́ ìjókòó dókítà. Ohun tí dókítà bá ṣe láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà, nínú ìròyìn wọn, àárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ló bọ́ sí. Iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ di iṣẹ́ ọ̀sán.

Ìgbà tí a tún aago náà ṣe ni a rí dókítà tí ìṣẹ́jú rẹ̀ kéré jù, ẹni tí gbogbo ilé ń yìn. Orí bébà ló ń kọ gbogbo nǹkan sí lọ́sàn-án. Bó bá délé lálẹ́, á ṣí láàpútọ́ọ̀pù, á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì á ṣí, á ti, ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe é títí wọ inú òru. Mo bi í ìdí, ó ní òun ò fẹ́ kí aláìsàn máa wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo gbà fún un. Síbẹ̀, èyí dẹ́rù bà mí ju ti ẹni tó lọ́ra lọ. Bébà méjì lè lẹ̀ mọ́ra. Bí aláìsàn bá padà dé ní òru ọjọ́ kan náà, dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á ṣí fáìlì, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Sinsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dábàá lọ́dún 2020 pé kí wọ́n máa pín àkókò kọ̀ǹpútà lórí wákàtí 8 tí dókítà fi jókòó de aláìsàn, kí wọ́n sì máa ka iṣẹ́ ẹ̀yìn iṣẹ́ lọ́tọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwa lẹ́yìn tí a ti yọ ohun tí kì í ṣe ti dókítà kúrò. Dókítà obìnrin náà bọ́ sí àárín. Ní ti iṣẹ́ ẹ̀yìn iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń yìn ló lọ sókè.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu bà. Nígbà tí mo ní kí ilé-iṣẹ́ náà fi àkọsílẹ̀ kíkún ránṣẹ́, WhatsApp ni wọ́n fi gbé e wá, pẹ̀lú orúkọ aláìsàn àti àìsàn wọn ní gbangba. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ara ohun tó nílò ààbò jù. Mo pa á rẹ́, mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà dípò orúkọ. Ó gbà wọ́n ní àsìkò díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé kì í ṣe ìyọlẹ́nu ni.

Ohun tí a yí padà

Ti orúkọ ìwọlé ló yá jù. Nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan gba kóòdù kúkúrú onínọ́ńbà mẹ́rin tí kò nira láti rántí, bébà abẹ́ kíbọ́ọ̀dù sì di ohun ìgbàgbé. Lẹ́bù náà ti ń fi orúkọ àyẹ̀wò àti ọjọ́ sára fọ́tò kí wọ́n tó gbé e sínú fáìlì. Lójú tèmi, èyí ló wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Èyí tó fa àríyànjiyàn ni ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ bí ọwọ́ ò bá kàn án. Èmi fẹ́ ìṣẹ́jú méjì. Àwọn dókítà ní kò ṣeé ṣe, pé bí àwọn bá tẹ ẹsẹ̀ aláìsàn tán, àwọn ò fẹ́ padà wá bá ojú ẹ̀rọ dúdú, kí ohun tí àwọn ti kọ sì ti lọ. Wọ́n ní ìdí, pàápàá pẹ̀lú irú iná tí à ń lò. A fẹnu kò sí ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó ti.

Ti èrò ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti kóòdù HMO ló ń fà á. A ra ẹ̀rọ kejì. Ti kóòdù kò sí lọ́wọ́ wa.

Dókítà Àgbà pe dókítà obìnrin náà, ó fi gbogbo ìwé hàn án, ó sì sọ fún un níwájú wa pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dúpẹ́. Ó wá ní òun ní ìbéèrè kan: ibo ni ẹ ka àwọn aláìsàn tó ń fi fọ́tò èsì ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp lálẹ́ sí? Kò sí níbì kankan. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà ilé ìwòsàn nìkan la ń fún aláìsàn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń dáhùn.

Ìròyìn oṣooṣù ṣì ń wá, ṣùgbọ́n dókítà kọ̀ọ̀kan ló ń rí tirẹ̀. Àpapọ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ Dókítà Àgbà. Ilé-iṣẹ́ náà ti tún aago ṣe sí ti Nàìjíríà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti dídá aago dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ní a máa sanwó lọ́tọ̀, orí iye rẹ̀ la ṣì wà.